Kànga Tó Ń Sinmi

Ọmọ ọmọ mi, àgbà oníkọ̀ǹpútà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Ara bàbá rẹ ti yá; orúnkún mi nìkan ló ń ṣagídí.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Akọ̀wé tí iléeṣẹ́ yín rán wá bèèrè nípa kànga wa, mo ní, "Kì í gbẹ, ó ń sinmi ni." "Kì í gbẹ" nìkan ló kọ. Ọ̀rọ̀ burúkú ni mo yẹra fún; bí kànga bá gbẹ, "ó ń sinmi" là ń wí níbí. Lọ́dún èṣí, oṣù mẹ́ta ni korobá fi ń fa iyanrìn! Kọ̀ǹpútà yín ti ní omi abẹ́ ilẹ̀ wa á tó ilé iṣẹ́ aṣọ tí wọ́n fẹ́ kọ́ síbí, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa fọwọ́ síwèé àdéhùn rẹ̀. Jọ̀wọ́, tún un ṣírò kíákíá.

Omi kò ní tán nílé rẹ.

Ìyá rẹ àgbà