Iye Ènìyàn Tó Tò Sẹ́yìn Bàbá Fàrídà

Agbolé Ọlọ́dẹ,
Ìgbòho.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Àwáwù ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní Ìbàdàn níbẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti lọ? Ara tèmi le, iṣu ti ń gun igi lóko, ìyá rẹ náà ń kí ọ. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣeé sọ lórí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíírò.

O mọ̀ pé ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní wọ́ọ̀dù yìí. Àwa ará oko la gbé ẹgbẹ́ náà ró. Ohun tí a ń bèèrè kò ju ti àtijọ́ lọ: kí ẹni tí yóò ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin jẹ́ ọmọ ilé, kí ó mọ ohun tí màlúù ń fi oko wa ṣe, kí ó má sì tẹ àṣà wa mọ́lẹ̀. Àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ní Ìbàdàn máa ń fi wá rẹ́rìn-ín ni. Lójú tiwọn, kò sí ohun tí ará oko mọ̀ nínú òṣèlú ju kí ó jáde dìbò lọ. Lọ́dún yìí, wọ́n fi orúkọ Tàjúdéènì kan ránṣẹ́ sí wa, ẹni tí kò sun Ìgbòho mọ́jú rí.

A kọ̀. Ràmọ́nì ọ̀rẹ́ mi, Bàbá Fàrídà, la fà kalẹ̀. Lọ́jọ́ ìbò abẹ́lé, a pàdé ní pápá ilé ìwé. Bí a ṣe máa ń ṣe é náà la ṣe é: olúkúlùkù tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́, ó sì pe nọ́ńbà ara rẹ̀ sókè, kí ẹnikẹ́ni má baà rí nǹkan sọ lẹ́yìn. Ìyá Àríyọ̀ ló kẹ́yìn ìlà Ràmọ́nì. Arúgbó náà fi ọ̀pá lu ilẹ̀, ó ní, "Igba ó lé mẹ́rìnlá!" Gbogbo pápá hó yè. Ti Tàjúdéènì kò ju mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ, ọkọ̀ ni wọ́n sì fi kó àwọn kan wá nínú wọn. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà, Àwáwù.

Kí n tó délé, ọkọ̀ àwọn àgbààgbà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ọ̀gá wọn kò tilẹ̀ bínú. Ó gbé ìwé èsì ìbò síwájú mi. Wọ́n ti kọ nọ́ńbà sí i tán: igba ó lé mẹ́rìnlá fún Tàjúdéènì, mọ́kànlélọ́gbọ̀n fún Ràmọ́nì. Ó wá gbé ìwé kejì lé e, ìwé iṣẹ́ olùkọ́ tí ìwọ àti Fàrídà jọ ṣe ìdánwò fún. Orúkọ rẹ ló wà lórí rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ọdún mẹ́rin lọmọ yín ti ń jókòó láìríṣẹ́. Èwo lẹ fẹ́?" Mo rántí ìwé ẹ̀rí rẹ tó kàn wà lásán nínú àpótí. Mo buwọ́ lu ìwé èsì náà. N kò ní purọ́ fún ọ pé wọ́n fi ìbọn halẹ̀ mọ́ mi.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá Àríyọ̀ kì í kí mi ẹ káàárọ̀ mọ́. "Igba ó lé mẹ́rìnlá" ló fi ń kí mi. Ràmọ́nì kò wá bá mi jà, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí jù. Ní Jímọ̀ tó kọjá, lémọ́mù ní kí a sún mọ́ra, kí èjìká kan èjìká. Àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, níbi tí Ràmọ́nì ti ń dúró láti ọgbọ̀n ọdún, kò sẹ́ni tó sún dí i. Mo kírun tán, mo sunkún bí ọmọdé. Àṣesílẹ̀ làbọ̀wábá.

Ìwé iṣẹ́ náà ló wà nínú àpòòwé yìí. Bí o bá gbà á, n kò ní bá ọ wí. Bí o bá fà á ya, n kò ní bínú.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ ohun tí ojú rẹ kò ní lè wò. Yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Múnírù Àrẹ̀mú.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan: Kí n tó lẹ àpòòwé yìí, mo gbé ìwé iṣẹ́ náà sójú oòrùn. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun pa orúkọ kan rẹ́ kí wọ́n tó kọ tìrẹ lé e, ṣùgbọ́n orúkọ náà ṣì hàn lábẹ́ rẹ̀. Fàrídà ni. Bàbá rẹ̀ kò tíì mọ̀.