Òfin Tí Dókítà Gbé Wá

Ìlú Ìba, Sátidé ìmọ́tótó, 1996

Bí a ṣe kó gọ́tà tán láàárọ̀ ni àwọn lánlọ́ọ̀dù pe gbogbo àdúgbò sípàdé lórí ọ̀rọ̀ àrùn éèdì. Dókítà, oníkẹ́míìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ló gbé òfin wá: ẹnikẹ́ni tó bá kó o ran ẹlòmíì, kí á fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ó ní apànìyàn ni irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Dókítà kẹ̀? Bátìrì ló ń tà ní Alábà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

Kò dárúkọ ẹnì kankan, àmọ́ Ìyá Sikirat aránṣọ ni gbogbo wọn ń wò, torí ọkọ ẹ̀ rù kan egungun kó tó kú. Obìnrin náà rọra dìde.

"Dókítà, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó wà nínú abọ́ yín yẹn, ṣé ọkọ mi nìkan lẹ fi ń gún ni?"

Kò sẹ́ni tí kò mọ abọ́ yẹn. Dókítà á da omi gbígbóná inú fúláàsì sí i, á fi òwú nu abẹ́rẹ́, ó di ara ẹlòmíì.

Alága àwọn lánlọ́ọ̀dù wúkọ́. "Ìyá Sikirat, ẹ jókòó. Ẹ má bú ẹni tó ń tọ́jú wa."

Wọ́n wá ní kí ẹni tó bá fara mọ́ òfin náà nawọ́. Dókítà ló kọ́kọ́ nà án, aláìnítìjú. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e bí àgùntàn tí wọ́n ń dà lọ sí ọjà ẹran ní Alábà Ràgó.

Èmi náà nawọ́. Ọwọ́ òsì ni mo nà, torí apá ọ̀tún ṣì ń dùn mí níbi tí Dókítà ti fún mi lábẹ́rẹ́ ibà ní Túsìdeè.