Màmá Gbé-e-mì: Nọ́ọ̀sì Tí Wọ́n Ní Kò Mọ Àkókò Lò

Ní ọdún 1949 ni a bí olóògbé, nínú ilé kékeré kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Télọ̀ ni bàbá wọn, agbẹ̀bí ni ìyá wọn; ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni wọ́n ti kọ́ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Màmá jáde ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní 1972. Ní 1974, wọ́n fẹ́ awakọ̀ tí ń gbé aláìsàn wá sí ilé ìwòsàn. Ọkọ wọn a máa ṣàwàdà pé: “Èmi ni mò ń sáré gbé wọn wá, ìyàwó mi ló ń ní kí wọ́n má sáré mọ́.”

Wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ni Màmá ti pẹ́ jù. Wọn kì í kúrò lẹ́bàá ibùsùn títí aláìsàn yóò fi gbé oògùn mì. “Bàbá, ẹ lanu, ẹ jẹ́ n rí abẹ́ ahọ́n yín. Ẹ̀yin àti ọmọdé, ọgbọ́n yín ò jura lọ.” Ibẹ̀ ni ìnagijẹ wọn, Màmá Gbé-e-mì, ti wá.

Ní 2001, ilé ìwòsàn mú àwọn aláago, àwọn tí ń fi aago ka ìṣẹ́jú iṣẹ́, wá láti wọn bí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ṣe ń lo àkókò. Ẹni tó bá tètè pín oògùn tán ló mọṣẹ́ lójú wọn. Bóyá oògùn dé ikùn, aago kò béèrè. Màmá ló gbẹ́yìn. Ní ìpàdé gbogbo òṣìṣẹ́, ọ̀gá àgbà kéde pé afàkókò-ṣòfò ni wọ́n, ó sì lé wọn lọ sí yàrá ìfọṣọ.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ẹni tó yára pín oògùn tí ẹnikẹ́ni kò lò, kí ló yára ṣe? Ní 2002, àwọn òṣìṣẹ́ gbé ibùsùn wọ́ọ̀dù náà síta láti sá a sóòrùn, oògùn tí àwọn aláìsàn ti fi pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ sì ń dà sílẹ̀ bí àgbàdo. Ọ̀gá sáré dá Màmá padà, ní kọ̀rọ̀. Kò pe ìpàdé kankan.

Màmá fẹ̀yìn tì ní 2009. Nínú ìjọ wọn, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń tọ́jú òbí tó ń ṣàìsàn nílé. Síbẹ̀, lórí ibùsùn ìkẹyìn, wọ́n bi àbígbẹ̀yìn wọn léèrè pé: “Ṣé lóòótọ́ ni mo fi àkókò ṣòfò?” Ìtìjú ni kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wà lẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti àbúrò kan sáyé.

Ilé ìwòsàn fi ọ̀rọ̀ ìyìn ránṣẹ́ pé kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò ìsìnkú yìí. Kò mẹ́nu kan ìpàdé ọjọ́ náà rárá. Ẹbí dá a padà. Ẹni tó bú èèyàn lójú ọjà kì í bẹ̀ ẹ́ ní yàrá. Àwọn aṣojú ilé ìwòsàn wà láàrin wa lónìí, àyè sì wà lẹ́bàá pósí. Kí wọ́n dìde, kí wọ́n bẹ Màmá kí gbogbo èèyàn gbọ́.

Màmá, ẹ fẹ̀sọ̀ sinmi. Ẹ kò fi àkókò ẹnikẹ́ni ṣòfò.