Ilé Tí Anti Àkànkẹ́ Ń Gbá

Mile One, Diobu,
Port Harcourt.
9 Oṣù Kẹjọ, 1969.

Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́lágadé mi ọ̀wọ́n,

Dókítà àgbà ló ń kí yín láti orí àga onítìmùtìmù. Ṣé dáadáa lẹ wà n'Íbàdàn? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ikọ́ ọmọ ti lọ? Òjò tibí kò dá, àfi bíi pé odò ló gòkè wá kí wa.

Ọ̀rọ̀ Àkànkẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ni mo fi kọ̀wé. Ọmọkùnrin ọlọ́gbọ́n kan, Ṣàfíù, ọmọ Ìyá Asiata aránṣọ, ló mú un wá sí ọsibítù wa, torí ó rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó ní látìgbà tí bọ́ǹbù ti wó ilé wọn, tí Dagogo ọkọ rẹ̀ sì kú, abẹ́ àtẹ ọjà ló ń sùn. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, nínú kùrukùru, á lọ gbá ilé náà. Kò sí ògiri, kò sí òrùlé, koríko ti hù ní yàrá. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá kágò níbi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀, kò ní dá a lóhùn. Ẹni tó bá kágò, á ní kó wọlé, kó rọra, kó má tẹ ẹní mọ́lẹ̀. Ṣàfíù pàápàá ti ń bọ́ bàtà síta.

Nọ́ọ̀sì bi í níbi tó ń gbé. Ó dárúkọ àdúgbò, ó sọ nọ́ńbà ilé, ohùn rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀. Wọ́n rán ẹnìkan lọ wò ó, onítọ̀hún ní koríko lòun bá. Ni nọ́ọ̀sì bá ní àwọn kì í gba aláìnílé: ta ni yóò dúró tì í, ibo làwọn yóò sì dá a padà sí? Ṣàfíù ní òun á dúró. Wọ́n ní kó lọ mú àgbà ìdílé wá.

Bọ̀ọ̀dá mi, ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣe dókítà; èmi Ṣàfíù náà ni mò ń kọ̀wé. Dókítà gan-an kò tíì fojú kan Anti; ẹnu géètì la ti padà. Bí ẹ bá rí orúkọ mi lókè ni, ẹ ó ní eré mi ti dé, ẹ ó sì fi ìwé yìí di ẹ̀pà.

Lánàá, Anti kọ̀ láti bá mi padà lọ sí ọsibítù. Mo bá fara pamọ́ sínú koríko, mo fi ohùn Dagogo pè wọ́n: "Àkànkẹ́, my wife, come make we go."

Wọ́n dáwọ́ ìgbálẹ̀ dúró, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ṣàfíù, dá ohùn ọkọ mi padà síbi tó o ti mú un. Mo mọ̀ pé ó ti kú. Mo mọ̀ pé kò sílé níbí. Bí mi ò bá gbá ibí yìí, ibo ni kí n máa jí lọ?"

Mo dìde nínú koríko, mo bọ́ bàtà, mo sì fi ohùn ara mi kágò.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ bá mi kí Anti Rẹ̀mí ìyàwó yín, ẹ kí ọmọ. Anti Àkànkẹ́ ní bí ẹ̀yin bá dé, àwọn á bá yín lọ sí ọsibítù. Ẹ má fèsì. Ẹ máa bọ̀.

Èmi ni tiyín, tí kì í ṣe dókítà,
Ṣàfíù, ọmọ Ìyá Asiata.