Bí Mo Ṣe Di Alárenà Kánsílọ̀ ní Ìgàndò

Ìgàndò, lọ́nà Ìkòtún,
Ìparí ọdún 1976.

Ọmọ mi Ṣàfíù, Àjàní ọkọ Àdíját,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ mi kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì kí mọ́tò tuntun náà, torí wọ́n ní òun náà ti di ara ilé. Èbúté Àpápá tí o ti ń ṣiṣẹ́ kò ní rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ rẹ ju òógùn lọ, àṣẹ Ọlọ́run. A gbọ́ pé ọkọ̀ sìmẹ́ńtì tò lọ bẹẹrẹ lórí òkun, tí kò ríbi já ẹrù sí. Ọlọ́run á bá yín já a. Ká ní èmi ni ọ̀gá ibẹ̀ ni, ǹ bá ti ní kí àwọn ará Ìgàndò wá fi orí rù ú, ì bá ti tán. Ṣé sìmẹ́ńtì ni èèyàn ń tọ́jú sórí omi?

Gbogbo wa wà dáadáa. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ. Òjò tó rọ̀ kẹ́yìn ṣí páànù ilé ìdáná díẹ̀, mo ti gbé òkúta lé e.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Èmi fúnra mi ni mo kà á, torí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ìwé kejì ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ̀ pé o bá mi wí, fọkàn balẹ̀. O ní wọ́n sọ fún ọ pé mo ń tẹ̀ lé àwọn olóṣèlú kiri, pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọ́, pé ọjọ́ orí mi ti kúrò ní ti wàhálà. O ní mọ́tò á wá gbé mi ní Sátidé, kí n ta ewúrẹ́, kí n ti ilé pa, kí n máa bọ̀ wá sinmi ní Sùúrùlérè. Mo fẹ́ dá ọ lóhùn lójú ẹsẹ̀, torí o mọ̀ pé n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ nílẹ̀, mo bá lọ sí Agége níbi tí Simeon, ọmọ àdúgbò wa kan, ti ń ṣiṣẹ́, ó bá mi yí tẹlifóònù ọ́fíìsì yín. Bí mo ṣe gbé e sétí, mo gbọ́ ẹkún, pìì, pìì, pìì, kò dáwọ́ dúró. Mo ní Àjàní, dákẹ́, kò tíì tó bẹ́ẹ̀, n kò bínú sí ọ. Mo rẹ̀ ọ́ títí, o kò dákẹ́. Simeon ní ẹlòmíì ló wà lórí ẹ̀rọ. Ẹni yòówù kó jẹ́, jọ̀ọ́ bá mi béèrè bóyá ara rẹ̀ ti balẹ̀.

Simeon yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba sójà ní ká fi ìbò yan kánsílọ̀, èèyàn méjì ló jáde ládùúgbò wa. Ọ̀kan ni Jàfárù káfíńtà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó kan òrùlé mọ́ṣáláṣí wa. Èkejì ni Olúbọ̀dé kọngíláńtà tó ń gbé Dòpẹ̀mú, tó ń fi lọ́rì kó ìrẹsì wá. Simeon ló ń bá Jàfárù ṣètò. Ó pè wá jọ síwájú ilé ẹ̀kọ́, ó ní ta ló máa yọ̀ǹda ara rẹ̀ láìgbowó, kó máa lọ láti ilé dé ilé bá Jàfárù tọrọ ìbò. Gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí wo ẹsẹ̀ ara wọn. Mo ní ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní kí ló ṣe ọ̀sán òní?

Ṣàfíù, wò ó. Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn ẹlẹ́bí tí kò mọ ọkùnrin kan, kí n sọ ìwà rẹ̀ fún wọn, kí wọ́n lè gbà á. Kí la ń pe ìyẹn nílé wa? Alárenà ni. Ó mà yé mi o. Ọ̀pọ̀ ìyàwó tó wà ní Ìgàndò yìí, èmi ni mo kọ́kọ́ lọ bá ìyá wọn.

Mo bá mú iṣẹ́ ṣe bó ṣe yẹ. Wọ́n kó fọ́tò Jàfárù fún mi, ńláńlá, pé kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níta. Ta ló ń fi fọ́tò ọkọ ìyàwó síta kí òjò máa pa á? Pálọ̀ ni mo gbé e wọ̀, n ò gbé e sílẹ̀ àfi tí bàbá ilé bá wò ó dáadáa. Nígbà tí òjò dé, ti Olúbọ̀dé já bọ́ sínú gọ́tà, ti Jàfárù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago. Wọ́n tún fún mi ní gbohùngbohùn kan, ohun náà kò lẹ́kọ̀ọ́, ó ń jágbe mọ́ àgbàlagbà. Mo kúnlẹ̀ bá a tọrọ àforíjì, mo dá a padà sínú àpò.

Àwọn ẹlẹ́bí náà ṣe tiwọn. Wọ́n ní àwọn á wádìí. Wọ́n wádìí lóòótọ́, wọ́n sì wá sọ fún mi pé Jàfárù àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àmúsà tó wà ní Ayọ̀bọ̀, kì í kí ara wọn, nítorí ayùn tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ojú tì mí. Mo dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ náà. Simeon fẹ́rẹ̀ẹ́ ya aṣọ mọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Ó ní Màmá, ẹ jàre, ìbò la fẹ́ dì, a ò fẹ́ ìyàwó. Mo ní èyí tí a fẹ́ fún un ju ìyàwó lọ, odindi àdúgbò ni, àti pé ẹni tí kò lè bá ọmọ ìyá rẹ̀ jókòó, báwo ló ṣe máa bá Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ̀dá àti Ìgàndò jókòó pọ̀? Mo mú Jàfárù, a fẹsẹ̀ rìn dé Ayọ̀bọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Àmúsà jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ dáadáa, ó ń rún orógbó lẹ́nu, ó ń wo ọ̀nà oko. Nígbà tó yá ló bi í pé ṣé ó ti jẹun. Ṣàfíù, omi bọ́ lójú mi. Jàfárù jẹun yó, ó sì gbàgbé láti mẹ́nu ba ayùn.

Lọ́jọ́ ìbò, àwọn ará ilé wa múra bí ẹni tó ń fa ọmọ fọ́kọ. Bàbá Táyéwò tó jẹ́ olórí ẹbí ilé ìsàlẹ̀ gbé obì dání, ó fẹ́ dìde sọ fún gbogbo ayé pé àwọn ti fún Jàfárù. Akọ̀wé ìbò ní rárá o, ní ìkọ̀kọ̀ ni. Bàbá ní irú ìdílé wo ló ń fa ọmọ fọ́kọ ní ìkọ̀kọ̀? Díẹ̀ ló kù kí ó bínú kó wọn lọ sílé. Mo sáré sí i, mo ní Bàbá, ẹ ṣe é bí àdúrà inú, Ọlọ́run ṣáà ń gbọ́ ọ. Ó gbà. Yíǹkì tí wọ́n ń kùn síni níka náà, àwọn obìnrin rò pé làálì ni. Ìdíátù ìyàwó Jàfárù na gbogbo ìka tó kù sí wọn, pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ ẹyọ kan.

Jàfárù wọlé. Ìrẹsì Olúbọ̀dé náà dùn, a ò purọ́.

Mo rò pé ó ti parí ni, mo ti ń wo àpótí aṣọ mi pé n ó máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Àmọ́ bí ọkọ bá ṣe ségesège, ta ni ẹbí ìyàwó ń lọ bá? Alárenà ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ wá bá a tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa, afárá odò ti já, ẹ lọ bá a sọ ọ́. Mo lọ, kò sì rí ibi sá sí, òun fúnra rẹ̀ ló gbé òòlù wá kàn án. Lánàá, àwọn obìnrin Aládùúrà tó wà lọ́nà Ẹ̀gbẹ̀dá wọ aṣọ funfun wọn wá bá mi nítorí ilé ìgbẹ̀bí. Mùsùlùmí ni mí, èmi ni wọ́n wá bá, wọ́n jókòó sórí ẹní mi, wọ́n sì ń dúró de ohun tí mo máa sọ. Bàbá yín, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì kì í jẹ́ kí n sùn. Òótọ́ ló sọ. Mo ti rò pé àìsàn ni. Àṣé iṣẹ́ ni, kò sẹ́ni tó gbé e fún mi rí ni.

Nítorí náà, Àjàní, n kò ní í wá gbé Sùúrùlérè. Má jẹ́ kó dùn ọ́. Ó ń wù mí kí n máa rí ọmọ yẹn lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mejì, torí omijé ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ ọlidé, kí ó wá mọ ewúrẹ́. Mọ́tò, jẹ́ kó wá ní Sátidé náà, kó tètè wá, kí ó sì ṣófo: àwa àti àwọn aláṣọ funfun fẹ́ bá a lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Ìkẹjà lọ béèrè ilé ìgbẹ̀bí. Fi owó díẹ̀ rán awakọ̀ sí mi fún páànù, fún bàtà kánfáàsì, kó fẹ̀ níwájú nítorí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi, àti bátìrì fún gbohùngbohùn yẹn, bóyá ebi ló ń mú un jágbe. Má ṣe kọ ọ́ pé o máa rò ó wò. Fi rán an ni.

O ò ní ṣìṣẹ́, o ò ní fara gbọgbẹ́, ìyàwó rẹ ò ní sunkún ọmọ. Iṣẹ́ tí Ọlọ́run dá ọ fún, Ọlọ́run á fi hàn ọ́, kò sì ní í pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ bó ṣe pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mọ̀dínátù.