Omi Ọyàn Tí Mo Dà Nù

Olóòtú, ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí ọmọ mi obìnrin máa ń gbọ́ yín lórí rédíò níbi iṣẹ́.

Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀yìn àpò ìyẹ̀fun ló ti máa ń fún omi ọyàn sínú ìgò. Á gbé e wálé pẹ̀lú ìyẹ̀fun lára ìdérí, á kó o sínú fíríìjì kí n máa fún ọmọ. Èmi àgbàyà, mo ní omi ọyàn tó bá ti tutù ti kú nìyẹn. Mo ń dà á nù. Mílíìkì inú agolo ni mò ń pò, mo sì ń da ṣúgà sí i dáadáa, kọ́mọ lè sùn fọnfọn.

Ọmọ ọ̀hún ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó sanra jù, ṣúgà sì ti ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà ní òun ò lè di ẹ̀bi ru nǹkan kan ṣoṣo, àmọ́ oúnjẹ tó jẹ nígbà tó wà ní ìkókó lè wà lára ohun tó fà á. Ọmọ mi fò dìde: "Omi ọyàn mi ló mu! Ẹ bi màmá mi." Wọ́n yíjú sí mi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ti bí òmíràn báyìí. Láàárọ̀ yìí, ó gbé ìgò méjì sínú fíríìjì, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin nìkan ni mo fọkàn tán."

Mò ń fún èyí ní tirẹ̀ mu o, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa, ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un, àbí kí n máa wò ó bó ṣe ń fi omi ọyàn tí àkọ́bí rẹ̀ ò mu rí yangàn?