Ọ̀rọ̀ Tí O Sọ Lẹ́yìn Igi Mẹ́ta

Ọdún mẹ́rin rèé, Bàbá Ìbejì, tí o jókòó sórí àga lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán tí o kò sì dìde mọ́.

Mi ò ní kọ "ọkọ rere, baba rere" síbí. Gbogbo ilé ló ń kọ ọ́, títí kan ilé tí baálé wọn kì í sùn sí. Iṣẹ́ rẹ ni mo máa kọ. Ìdí kíríkẹ́ẹ̀tì, eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi pátákó gbá, lo ti jẹun. O máa ń lóṣòó lẹ́yìn igi mẹ́ta, o máa ń fi ìbọ̀wọ́ mú bọ́ọ̀lù tí ẹni tó di pátákó mú kò bá rí gbá. Ọwọ́ Gọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè ọ́. Àwọn ìka yẹn wọ́, orúnkún rẹ sì ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.

A ti parí yàrá òkè. Òrùlé kò jò mọ́. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ṣì wà. Àwọn ìbejì ti ga jù mí lọ, èyí obìnrin sì ti ń lóṣòó lẹ́yìn igi bíi tìrẹ. Mo fi aṣọ dí inú ìbọ̀wọ́ rẹ fún un.

Nílé, o kì í sọ̀rọ̀. Wàá jẹun, wàá ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná, ó parí. Mo bá ọ jà títí ó fi sú mi. Mo gbà pé ọkàn rẹ kò sí lọ́dọ̀ wa.

Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan wá kí wa, ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ jọ máa ń figagbága. Kò tíì jókòó tó fi bi àwọn ìbejì pé, "Èwo nínú yín ló gbé eyín ara rẹ̀ mì?"

Ẹnu yà wá. Ó ní tí òun bá ti di pátákó mú, o kì í dákẹ́ lẹ́yìn òun, kí ọkàn òun lè kúrò lára bọ́ọ̀lù. O sọ ti eyín, o sọ ti òrùlé, o sọ pé orin kan náà ni mo máa ń kọ tí mo bá ń rán kọ́là, tí n kò sì mọ ìparí rẹ̀. Ó ní ẹ̀rín ni òun ń rín lọ́wọ́ tí bọ́ọ̀lù fi wó igi òun, tí òun sì jáde kúrò nínú eré.

"Ìyá Ìbejì, ó fẹ́ràn orin yẹn o."

Àárò rẹ ń sọ wá, Bàbá Ìbejì! A fẹ́ràn rẹ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo retí lẹ́nu rẹ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ, ẹnu àlejò ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí n kò lè dá ọ lóhùn mọ́.